Àjàní, gbé ọmọ náà kúrò nídìí ààrò

Gwagwalada, Àbújá

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí Àbíkẹ́ ọmọ-ọmọ mi. Àbúrò rẹ ti parí ìdánwò rẹ̀, a sì ti kan páànù tí ìjì ṣí padà. Kì í ṣe ìyẹn ni mo torí rẹ̀ mú bírò.

Ọkùnrin tí ó máa ń kó iṣu láti ọ̀dọ̀ yín wá sí ọjà níbí sọ fún mi pé òun yà sí ilé yín, òun sì bá ìyàwó rẹ níbi tí ó ti ń fẹ́ iná igi nínú yàrá kékeré tí kò ní fèrèsé, tí omijé ń dà lójú rẹ̀, tí Àbíkẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń wúkọ́. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọmọ oṣù 8, Àjàní!

Owó gáàsì tí mo fi ránṣẹ́ nígbà Iléyá ńkọ́? Wọ́n ní o fi tún ọ̀kadà rẹ ṣe, o sì sọ pé ọbẹ̀ tí a bá fi igi sè ni ó ń dùn. Ọ̀rọ̀ náà bà mí nínú jẹ́, kì í ṣe nítorí owó, bí kò ṣe nítorí pé ẹnu mi ni o ti gbọ́ ọ. Nígbà tí a wà ní Kaduna, tí ìwọ náà ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ, ó bẹ̀ mí pé kí n ra gáàsì kékeré fún òun. Owó wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ọbẹ̀ orí gáàsì kì í ta sánsán, mo sì fi owó náà ra rédíò.

Nígbà tí a gbé ìyá rẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà lórí ikọ́ rẹ̀ tí kò lọ yìí, ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi í ni bóyá ó ń mu sìgá. Ìyá rẹ, tí kò fi sìgá kan ẹnu rí! Lẹ́yìn náà ni ó bi í irú iná tí ó fi ń dáná láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi ni mo jókòó tì í, n kò sì lè gbé ojú sókè.

Dókítà náà ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀rún tín-ín-tìn-tín wà nínú èéfín igi, tí èyí tí ó burú jù nínú wọn kéré ju fọ́nrán irun orí lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 30, tí imú kò sì lè sẹ́ ẹ, tí ó fi ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ títí dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́. Ó ní aboyún tí ń fa èéfín símú lójoojúmọ́ lè bí ọmọ tí kò wúwo tó. O rántí bí Àbíkẹ́ ṣe kéré lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ? N kò lè búra pé èéfín ni, ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó lóru.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 ni èéfín ìdáná inú ilé ṣe okùnfà ikú wọn, àti pé ó lé ní 237,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 nínú wọn. Nígbà tí mo gbọ́ iye náà, ọmọ kan ṣoṣo ni mo rí.

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé owó oṣù tíṣà kì í tètè dé, n kò sì pè ọ́ ní ìkà. Lálẹ́ òní, bí Àbíkẹ́ bá ti sùn, ká aṣọ rẹ̀ sókè, kí o fi aago ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Bí ó bá tó 50 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ ń wọlé bí ó ti ń mí sínú, ẹ má ṣe po àgbo, ẹ má sì dúró di ilẹ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ òtútù àyà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Láti ọ̀la, ẹ gbé ààrò náà síta. Igi gbígbẹ ni kí ẹ lò, kí ẹ rẹ ẹ̀wà sómi kí ó lè tètè jinná, kí ìwọ gan-an sì gba ọmọ náà mọ́ra nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń dáná. Má sì sọ pé ẹ ó gbé èédú wọ yàrá nítorí pé kì í rú èéfín. Mo mọ bí ọyẹ́ ṣe ń mú lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, tí ó ń ti ara èédú jáde, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Àyè afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti ilẹ̀kùn sùn tì í lè má jí mọ́.

Má ṣe bá ìyàwó rẹ jà. Kò fi ẹjọ́ rẹ sùn mí rárá, èyí gan-an ni ó sì ń dẹ́rù bà mí, nítorí ìyá rẹ náà bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan péré, kò sì tún sọ ọ́ mọ́.

N kò ní fi owó ránṣẹ́ mọ́. Oníṣu náà yóò gbé sílíńdà kílò 6 wá fún yín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó rẹ ni yóò sì gbé e lé lọ́wọ́. Ìyá rẹ ti jí báyìí, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé bí ó bá dùbúlẹ̀, èémí kì í tó o. Ó ń bi mí pé ta ni mo ń kọ̀wé sí. Ka èémí ọmọ náà kí o sì pè mí lóru òní, n kò ní tíì sùn.

Èmi ni bàbá rẹ.