Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn orin yìí láti Cairo

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan orin tí wọ́n fi ohùn àyíká ṣe, bíi ti ọkọ̀, ìkòkò tàbí òjò, Paris ni gbogbo èèyàn máa ń mẹ́nu lé, ibẹ̀ náà sì ni ìtàn orin tí ẹ tẹ̀ jáde ti bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, Pierre Schaeffer, ọmọ Faransé, gbé ohùn ọkọ̀ ojú irin sórí rédíò níbẹ̀ ní 1948. Ṣùgbọ́n Halim El-Dabh, ọmọ Íjíbítì, ti ṣe irú rẹ̀ ní Cairo ní 1944. Ó dùn wá pé ekukáká la fi ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwa ọmọ Áfíríkà pàápàá.

Ó yá ẹ̀rọ kan ní ilé iṣẹ́ rédíò, èyí tó ń gba ohùn sórí wáyà irin tín-ín-rín bí irun. Ó gbé e lọ síbi zaar, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi orin tu ẹ̀mí tó ń da èèyàn láàmú lójú. (Orin ìwòsàn ni. Ẹ má gba irú rẹ̀ sílẹ̀ láìtọrọ àyè.) Nígbà tó padà dé, ó yọ ìsàlẹ̀ ohùn náà, ó fi òkè rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lu agogo wò: "kò!" tó kọ́kọ́ dún yàtọ̀ sí "ọ̀n-ọ̀n-ọ̀n" wínníwínní tó ń gbọ̀n tẹ̀lé e. Irú wínníwínní yẹn ló ń wá. Ó tún un gbà nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ ṣeé sún, kí gbohùngbohùn lè pọ̀ tàbí kó dín. Nígbà tó parí, kò sẹ́ni tó lè mọ ohùn àwọn obìnrin náà mọ́.

Fóònù àti Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́, tó fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀. Ẹ gbé fóònù sí nǹkan bí ìgbọ̀nwọ́ kan sí ẹnu akọrin. WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, ni kí ẹ fi gbà á, torí òkè ohùn gan-an ni MP3 tí wọ́n fún pọ̀ jù máa ń gé dànù. Nínú Audacity, ẹ fi High-Pass Filter, àsẹ́ tó ń gé ìsàlẹ̀ ohùn, sí 800 Hz, kí ẹ sì yan 24 dB, èyí tó ń sọ bí àsẹ́ náà ṣe máa gé e tó. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí 6 dB, ìsàlẹ̀ ohùn á ṣì máa yọjú.

Agbára ohùn náà á dínkù lẹ́yìn èyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Bí wọ́n bá ṣe ń gbé e sókè ni ariwo "ṣìì" inú fóònù ń bá a gòkè. Àfi kí wọ́n padà lọ gbà á ní ìtòsí. Bí ohùn jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá wọ inú rẹ̀ ńkọ́? Ìkùn rẹ̀ á lọ, ṣùgbọ́n pàkàpàkà irin rẹ̀ kò ní í lọ.

Ẹ wá fi sípíkà gbé e jáde nínú yàrá òfìfo tó ní táìlì, kí fóònù wà ní mítà méjì sí i. Kọ́tìnì àti bẹ́ẹ̀dì máa ń gbé gbohùngbohùn mì, ẹ kó wọn jáde. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ṣíṣí. Ẹ ó gbọ́ ohun tí ògiri El-Dabh ń ṣe.

Bí ẹ bá tún máa tẹ ìtàn orin yìí, Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, kí 1944 ṣáájú 1948.

Àwa agbohùnsílẹ̀ kan,
Ìbàdàn