Omi ti tán lẹ́yìn ẹja Hitler kí ogun tó dé Normandy

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Òǹkọ̀wé yín kan sọ pé ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1944, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà gúnlẹ̀ sí Normandy, etíkun kan ní Faransé, ni Ogun Àgbáyé Kejì yíwọ́ fún Jámánì. Mi ò gbà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó mọ́, omi ti tán lẹ́yìn ẹja Hitler.

Ìṣirò àwọn tó dá ogun náà sílẹ̀ ni pé á tètè parí. Hitler rò pé Rọ́ṣíà á ṣubú kí òtútù ọdún 1941 tó dé. Jàpáánì, tó gbè sẹ́yìn Jámánì, rò pé ó máa rẹ Amẹ́ríkà, á sì gbà kí wọ́n jọ ṣàdéhùn. Nígbà tí ogun wá falẹ̀, epo àti ọkọ̀ ló kù tó ń jà. Ní Midway, erékùṣù kan ní Òkun Pàsífíìkì, oṣù Kẹfà ọdún 1942, mẹ́rin nínú ọkọ̀ ojú omi Jàpáánì mẹ́fà tó gbé bàálù lọ ja Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà, rì. Jàpáánì ò rí arọ́pò wọn bọ̀rọ̀.

Stalingrad, ìlú kan ní Rọ́ṣíà, ló burú jù. Àwọn ọmọ ogun Rùmáníà, tí ohun ìjà wọn ò tó nǹkan, ni Jámánì fi ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ni Rọ́ṣíà gbà wọlé ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 1942. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ká Paulus, ọ̀gágun Jámánì, àtàwọn èèyàn rẹ̀ mọ́. Göring, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun òfuurufú Jámánì, fọ́nnu pé bàálù á máa gbé oúnjẹ lọ. Ó kéré tán, wọ́n nílò tọ́ọ̀nù 300 lójúmọ́. Ohun tó ń dé kì í sábà tó ìdajì rẹ̀. Wọ́n pa ẹṣin wọn jẹ. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1943, Hitler fi Paulus joyè ọ̀gágun àgbà pátápátá, torí kò sí Jámánì kankan nípò yẹn tó juwọ́ sílẹ̀ rí. (Oyè tí wọ́n fi ń sọ fún èèyàn pé kó lọ kú!) Lọ́jọ́ kejì, ó bọ́ sọ́wọ́ Rọ́ṣíà. Nǹkan bí 91,000 ọmọ ogun ló di ẹrú ogun níbẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àtàwọn tó gbè sẹ́yìn wọn rì nǹkan bí 40 ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, Dönitz, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì, sì kó ìyókù kúrò ní Àríwá Àtìláńtíìkì. Ká ní kò rí bẹ́ẹ̀ ni, ta ni ì bá kó ọmọ ogun sọdá wá sí Normandy?

Mi ò fojú kéré àwọn tó kú sí etíkun yẹn. Àmọ́ bí ẹ bá tún ń gbé irú àròkọ bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Stalingrad àti Kursk, níbi tí Rọ́ṣíà tún ti ṣẹ́gun Jámánì ní ọdún 1943, ní ojú ewé tiwọn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín