Ẹṣin Kì Í Ṣe Mọ́tò Tá A Máa Ń Páàkì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi táwọn èèyàn á ti rí i, torí ọ̀rọ̀ ẹṣin ni, ọ̀rọ̀ ẹṣin sì ni ọ̀rọ̀ àwa ọmọ Ìlọrin, ṣebí bí wọ́n ṣe ń kì wá náà nìyẹn, pé ìlú tóbi tó yìí ò léégún, ẹṣin léégún ilé wọn. Lọ́jọ́ Dọ́bà, ọdún ẹlẹ́ṣin tá a máa ń ṣe nígbà Iléyá, gbogbo wa la máa ń yọ fóònù láti ya ẹṣin tí wọ́n dì ní gàárì, àmọ́ ta ló ń bèèrè ohun tẹ́ṣin yẹn ń jẹ títí Iléyá míì á fi dé?

Mo ní ẹṣin kan, Àlùbáríkà lorúkọ ẹ̀, pupa ni, funfun wà níwájú ẹ̀. Ilé wa ní Pàkátà ò láyè tí mo lè so ó mọ́, ni mo bá mú un lọ síbì kan lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ti ń báni tọ́jú ẹṣin, mò ń sanwó lóṣooṣù. Ẹni tí ò sin ẹṣin rí á rò pé owó yẹn ló tán síbẹ̀. Owó dúsà, ìyẹn èérí ọkà tẹ́ṣin ń jẹ, lọ́tọ̀, ewé ẹ̀pà gbígbẹ lọ́tọ̀, oògùn aràn, oògùn eégbọn, ẹni tó ń gé pátákò ẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 síra, àti omi, ẹṣin kan lè mu tó lítà 30 lójúmọ́ tóòrùn bá mú, tí kànga bá sì gbẹ, rírà ni.

Àmọ́ owó kọ́ ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Lọ́dún tó kọjá dúsà wọ́n, ni ẹni tó ni ilé ẹṣin yẹn bá ní kí wọ́n máa kó èèpo ẹ̀gẹ́ fún wọn, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yí oúnjẹ padà, wọn ò sọ fún ẹnì kankan nínú wa. Díẹ̀díẹ̀ la sì ń yí oúnjẹ ẹṣin padà, torí ẹṣin kì í bì, Ọlọ́run ò dá a bẹ́ẹ̀, ohun tó bá bàjẹ́ nínú ẹ̀, inú ẹ̀ náà ló máa wà táá máa wú.

Lẹ́yìn ìrun Aláásárì lọmọ tó ń tọ́jú wọn ti rí i pé Àlùbáríkà ò jẹun, ó ń fi pátákò walẹ̀, ó ń yíjú wo ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀ ṣáá. Ó rí i, kò pè mí, ẹ̀rù ọ̀gá ẹ̀ ń bà á. Aago 11 ti kọjá kí fóònù mi tó dún. Ọ̀kadà ni mo gùn débẹ̀, òógùn ti bo ẹṣin náà bí ìgbà tí wọ́n bu omi lù ú, ó ń ṣubú lulẹ̀, ó ń yíràá, à ń fà á dìde, à ń mú un rìn yíká ọgbà, mo gbétí lé ikùn ẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ inú ẹṣin tára ẹ̀ dá kì í dákẹ́, ṣe ló máa ń kùn. Dókítà ẹran dé ní nǹkan bí aago 2, ó ti rọ́bà gba ihò imú ẹ̀ lọ sínú ikùn, ó da epo síbẹ̀, ó gún un lábẹ́rẹ́. Ó ní ká ní a ti pe òun nírọ̀lẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, ó ti kú, orí ẹ̀ wà lórí itan mi.

Wọ́n ní ẹran lásán ni. Ọdún 7 la fi jọ wà o, tó bá ti gbóhùn mi lẹ́nu ọ̀nà ló ti ń yán. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ó tó ọjọ́ 9 tí mo ti débẹ̀ gbẹ̀yìn, tí mo bá lọ ni, mi ò bá ti rí èèpo ẹ̀gẹ́ yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ẹṣin sọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ máa lọ wò ó, ẹ máa wo inú ọpọ́n oúnjẹ ẹ̀, ẹ máa wo ìgbẹ́ ẹ̀. Ọsibítù ẹranko wà ní Yunifásítì Ìlọrin, ẹ kọ nọ́ńbà dókítà sára ògiri. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbowó oṣù lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín lè pè wá láìbẹ̀rù, kó pè wá nírọ̀lẹ́ tẹ́ṣin ò bá jẹun, kó má dúró dòru.

Ẹlẹ́ṣin kan,
Pàkátà, Ìlọrin.