Ìmùlẹ̀ Àwọn Oníṣìgá

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 23, ọkùnrin tó lé ní 40 ló mulẹ̀ pé oúnjẹ ò ní kan ẹnu àwọn àfi báwọn bá pa Pọ́ọ̀lù. Ọmọ arábìnrin Pọ́ọ̀lù ló gbọ́, ó sì tú àṣírí wọn. Ìmùlẹ̀ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ lọ́sẹ̀ yìí lé ní 20 ọdún kó tó tú.

Ní Oṣù Kẹfà 1977, àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ sìgá 7 pàdé ní bòókẹ́lẹ́ ní Shockerwick House, ilé ńlá kan lẹ́bàá ìlú Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Philip Morris wà níbẹ̀, BAT (British American Tobacco) wà níbẹ̀, Imperial àti Rothmans náà wà níbẹ̀. Lọ́jà, ńṣe ni wọ́n ń já oníbàárà gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀ ohùn wọn ṣọ̀kan lọ́jọ́ yẹn: ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ gbà ní gbangba pé sìgá ń fa àìsàn. Kí wọ́n ṣáà máa sọ pé àríyànjiyàn ṣì wà lórí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti 1962 làwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé sìgá ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé, bí ọ̀kan bá jẹ́wọ́ ní orílẹ̀-èdè kan, ìjọba ibòmíì á dì í mú, á fi ṣòfin fún gbogbo wọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ICOSI, tó padà di INFOTAB. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ òfin tó ń bọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kó sì ti fi èsì ránṣẹ́ sáwọn ènìyàn wọn níbẹ̀ kí mínísítà tó sọ̀rọ̀ tán.

Èyí tó dùn mí jù ni tàwọn àgbẹ̀. Ní 1984 ni ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tábà lágbàáyé, ITGA, bẹ̀rẹ̀, INFOTAB sì ń fún un lówó, torí aráyé á ṣàánú àgbẹ̀ níbi tí wọn ò ti ní ṣàánú olówó. Bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú Àjọ Ìlera Àgbáyé, àgbẹ̀ ni wọ́n ń tì síwájú. Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn àti Òkè-Ògùn mọ iṣẹ́ yìí: ewé tí a ń já, tí a ń so mọ́ igi, tí a ń fi ooru gbẹ. Ẹni tó ṣe irú làálàá yẹn, owó ọjà rẹ̀ ló yẹ kó gbà, kì í ṣe kí wọ́n sọ ọ́ di asà.

Ẹjọ́ tó parí ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ní 1998 ló mú kí ìwé inú ọ́fíìsì àwọn iléeṣẹ́ sìgá bọ́ síta, àìmọye mílíọ̀nù ojú-ìwé. Nígbà táwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí tábà ní 2003, ìpínrọ̀ 5.3 ní kí ìjọba má jẹ́ kí oníṣìgá tọwọ́ bọ òfin ìlera. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà. Nítorí náà, bí iléeṣẹ́ sìgá bá gbé kànga tàbí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ wá fún àdúgbò yín, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń bá aṣòfin sọ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà níwájú ilé, òfin tábà 2015 ka títa sìgá lẹ́yọ-ẹyọ léèwọ̀, ó sì ka títà á fún ọmọ tí kò tíì pé 18 léèwọ̀. Ara páálí ni ìkìlọ̀ wà, kò sí lára ẹyọ kan. Owó péńpé ọwọ́ ọmọdé ló sì ń ra ẹyọ kan. Bí páálí tí wọ́n ti ya bá ṣì wà lórí tábìlì ẹnikẹ́ni nínú wa, kó gbé e kúrò kí Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé.