Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ Màmá rèé

Kábbà

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀kún o! Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Mo rí fọ́tò àwọn ọmọ, wọ́n ti ga jù ẹ́ lọ. Ṣé yìnyín ni wọ́n ń jẹ ni? Níbí, ọ̀nà Obajana ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, ọmọ tíṣà ìṣirò wa ti ṣègbéyàwó, gàrí ti gbówó lórí. Ó tán. Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo fẹ́ sọ.

O mọ Màmá, ẹni tó ń ka gbogbo ajigbèsè rẹ̀ lórí láìwo ìwé. Lọ́jọ́ ọjà, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ni wọ́n ti rí i tó ń bèèrè ọ̀nà ilé. Orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló fi ń pè mí. Kí n tó mọ̀, àdúgbò ti dájọ́: ìyàwó kejì bàbá wa ló ń ṣe é. Obìnrin tí kò lè dé ẹnu ọ̀nà láìdi ògiri mú, òun ni wọ́n ní ó ń fò lóru! Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún, torí wọn ò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí Màmá mọ́.

Ìyá Ìjọ wa tún gbé tirẹ̀ dé: láfún ni. Ó ní dókítà ńlá kan ní Ìbàdàn ló sọ ọ́. O mọ̀ mí, mi ò lè gbọ́ kí n má tú u wò. Dókítà náà wà lóòótọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí. Àmọ́ àìsàn mìíràn ló sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lágbègbè Ẹ̀pẹ́ ló ti rí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí wọ́n ń ta gìẹ́gìẹ́, tí ojú àti etí wọn ń lọ. Ó kọ ọ́ jáde ní 1968, ó sì nàka sí májèlé sáyánáìdì inú pákí, pàápàá fún ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹran tàbí ẹja jẹ. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ti bá a jiyàn: wọ́n rí ìlú tó ń jẹ pákí gan-an tí àìsàn náà kò sì pọ̀ níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún Ìyá Ìjọ, ó ní ìgbéraga ni. Màmá ń jẹ láfún rẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tí bàbá náà ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló gbà mí lọ́kàn. Ó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà ní ìbéèrè nípa àìsàn ọpọlọ àti iṣan ara, wọ́n sì wọ Ìgbóọrà lójúlé-dójúlé, àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 19,000. Ní 1992, òun àti Hugh Hendrie, dókítà kan ní Indianapolis l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn ìgbàgbé arúgbó lára ẹni ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àti láàárín àwọn adúláwọ̀ Indianapolis lọ́hùn-ún. Bọ̀dá ní Màmá ò mọ A, kí ni dókítà fẹ́ bi í? Àní wọ́n ti ronú kan èyí! Ìbéèrè tí wọ́n lò kò gba kíkà tàbí kíkọ, wọ́n sì tún ń bi ẹni tó ń gbé pẹ̀lú arúgbó léèrè bó ṣe ń ṣe nínú ilé. Ta ló ń gbé pẹ̀lú Màmá bí kò ṣe èmi?

Ọ̀jọ̀gbọ́n kú ní 1995, dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Adéṣọlá Ògúnníyì, àtàwọn yòókù bá iṣẹ́ náà lọ. Ní 2001 wọ́n sọ pé nínú 100 arúgbó, bíi 1.15 ni àìsàn Alzheimer, tó ń jẹ́ kí arúgbó máa gbàgbé nǹkan, ń mú lọ́dún n'Ìbàdàn, 2.52 ni ní Indianapolis. Mo fi han Bọ̀dá. Ńṣe ló pàtẹ́wọ́: “O rí i? Kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni!”

Orí òkè kan ló fẹ́ gbé e lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́ẹ̀nì de èèyàn. Ìbàdàn ni mo fẹ́ gbé e lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ Bọ̀dá ni owó ilé wà, ẹnu tìẹ nìkan ló sì ń gbọ́ láti ìgbà tí o ti kọ̀ ọ́ ní fọ́ọ̀mù fáìfù. Ìwọ tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lọ́hùn-ún, o ń rí i lójoojúmọ́. Jọ̀ọ́, pè é kí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ tó kọjá. Má sọ pé mo kọ̀wé o. Mọ́tò rẹ̀ tuntun ni kó o kọ́kọ́ bèèrè.

Èmi ni,
Ìyá Dàmi