Ṣé Wọ́n Dán Oògùn Náà Wò Lára Abo?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí oògùn rọpárọsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá wa béèrè bóyá wọ́n dán irú oògùn bẹ́ẹ̀ wò lára abo.

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ akọ àti ti abo kì í sábà gba ọ̀nà kan náà kú. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọpọlọ eku akọ mọ́, bíi ti rọpárọsẹ̀, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní PARP-1 ló máa ń ṣọṣẹ́ jù. Ní ti abo, àwọn èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní caspase, tó máa ń gé sẹ́ẹ̀lì wó látinú, ni. Ní 2005, wọ́n lo eku tí kò ní PARP-1 rárá: ọgbẹ́ ọpọlọ akọ kéré, ti abo tún fẹ̀ sí i!

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi lo akọ nìkan, wọ́n ní hòmóònù abo kì í dúró sójú kan. Àwáwí. Ó di 2016 kí NIH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, tó ní kí àwọn tó ń gbowó ìwádìí lọ́wọ́ wọn ka tọ̀tún-tòsì sí, akọ àti abo.

Ìyá ẹlẹ́kọ kan dé wọ́ọ̀dù wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàtà ti bọ́ lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀. Òun ni mo ń rò bí mo ṣe ń ka ìwé ìròyìn yín.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì kan, Òṣogbo