Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì: Ìròyìn Tí Àwọn Ọmọ Wa Ń Kà

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó sáà yìí. Èsì ìdánwò ọmọ yín wà nínú àpòòwé kan náà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, nítorí náà mi ò ní sọ̀rọ̀ máàkì. Ọ̀rọ̀ ìròyìn ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Láàárín sáà, àwòrán ọkùnrin kan tí ọlọ́pàá mú ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn láàárín àwọn ọmọ SS2. Afurasí ni ìwé ìròyìn tó gbé e jáde pè é. Kó tó dé ọwọ́ ọmọ kẹta, wọ́n ti sọ ọ́ di ajínigbé. Ó dùn mí púpọ̀, torí ọkùnrin yẹn náà lè lọ́mọ nílé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí wọ́n fura sí ni afurasí. Bí wọ́n bá gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó di olùjẹ́jọ́. Ìgbà tí adájọ́ bá dá a lẹ́bi nìkan la tó lè pè é lọ́daràn. Abala 36 nínú òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ ọ́ kedere pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dá a lẹ́bi. Akọ̀ròyìn tó bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un lè jẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́.

Látìgbà náà ni àwọn olùkọ́ wa ti ń bá àwọn ọmọ ka ìwé ìròyìn ní kíláàsì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ò mọ̀ pé ẹni tó kọ ìròyìn kọ́ ló sábà máa ń kọ àkọlé rẹ̀. Àwọn olóòtú ló ń kọ ọ́, kí ó lè fa ojú mọ́ra. Ẹni tó ka àkọlé nìkan kò tíì ka ìròyìn. Ìròyìn yàjóyàjó ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ni. Iye èèyàn tí wọ́n sọ láàárọ̀ pé ó kú lè yí padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àtẹ̀jáde tí ìjọba, ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí iléeṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí akọ̀ròyìn, ẹnu tiwọn ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ olóòtú jẹ́ èrò ìwé ìròyìn náà. Bí akọ̀ròyìn bá sì kọ “a gbọ́ pé”, kí ọmọ béèrè pé lẹ́nu ta ni?

Ẹ ó rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó ní oṣù keje. Ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù káàkiri pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún. Kò sí orúkọ dókítà, kò sí ìwé ìròyìn tó fọwọ́ sí i. Síbẹ̀ àwọn èèyàn jí lóru láti ṣe é, àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi jáde wá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fi í ránṣẹ́ fẹ́ràn àwọn ará ilé wọn ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín, kódà lórí WhatsApp àwa òbí: ẹ wá orísun ọ̀rọ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Nígbà ìsinmi yìí, ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó tì yín bí ẹ bá ń gbọ́ ìròyìn alẹ́ lórí rédíò, kí ó sì sọ ẹni tó sọ kókó kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n kọ ní Yorùbá, kí ó kà á fún ìyá àgbà. Èdè Yorùbá ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì ará Gẹ̀ẹ́sì, fi bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tirẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, kí ìwé kíkà lè mọ́ àwọn èèyàn lára.

Bí ẹ bá ní ìwé ìròyìn àtijọ́ nílé, ní Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi rán ọmọ wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà kẹta. Kí ó kó o fún olùkọ́ kíláàsì rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́